Páàdì ₦9,000 Tí Mo Ní Kí Ìyá Mi Rà: Ohun Tí Ojú Mi Rí Láti Ògèrè Dé Ìkẹ́nnẹ́

Ìrìn àjò ni mo fẹ́ rò fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn àjò ìgbafẹ́. Ẹ̀bi ló gbé mi lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ. Mi ò sì lè parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìyá tó bí mi lọ́mọ wà ní Sábó Ṣágámù, wọ́n sì máa ń ka ìwé ìròyìn yìí fún wọn ní ìsọ̀ obì. Bí mo bá fi iyọ̀ lé e, wọ́n á gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá mi ní ọkọ̀ kékeré kan, irú èyí tí ẹ̀ ń pè ní kòròpé, tó ń ná Ṣágámù sí Ìkẹ́nnẹ́. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fi rà á, oṣooṣù ni wọ́n sì ń dá owó náà padà. Nígbà ọyẹ́, awakọ̀ wọn wá sọ pé páàdì bíréèkì iwájú ti jẹ tán. Ọlọ́jà kó méjì kalẹ̀ níwájú wọn, ọ̀kan ₦9,000, èkejì ₦25,000. Ìyá mi pè mí lórí fóònù, wọ́n ní ṣebí èmi ni mo kàwé, èwo ni kí àwọn rà? Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn, mi ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní, "Ìyá mi, irin náà ni irin. Ẹ ra ti ₦9,000, ẹ fi ìyókù san gbèsè." Wọ́n rà á. Èmi gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ìpè fi dé. Awakọ̀ wọn ló pè. Ó ní nígbà tí òun ń sún mọ́ ọjà ní Ìkẹ́nnẹ́, òun tẹ bíréèkì, bíréèkì kò dá òun lóhùn. Ó tún un tẹ̀, ó kàn ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ bí ẹni ń fi irin ha irin ni. Ọkọ̀ náà lọ gbá tábìlì ìyá kan tó ń ta ata, ata àti tòmátì dà sílẹ̀ bẹẹrẹ. Ọmọdé kan wà nídìí tábìlì yẹn tẹ́lẹ̀, kò tíì pẹ́ tó dìde lọ bu omi. Bí awakọ̀ ṣe ń sọ èyí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọwọ́ tí mo fi di fóònù mú, tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo gba ààyè ọjọ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn.

ÒGÈRÈ

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Kí wọ́n tó la ọ̀nà yìí, àárín àwọn ìlú ni ọkọ̀ ń gbà, láti Ìkòròdú wọ Ṣágámù, kó tó kọrí sí Ìbàdàn. Àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣì máa ń sọ bí àwọn ṣe ń ta ọsàn àti ẹ̀kọ fún èrò ọkọ̀ láyé ìgbà yẹn.

Nísinsìnyí, bí ẹ bá ti Ìbàdàn bọ̀, Ògèrè ni ẹ ó ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ ti wọ Rẹ́mọ, ohun tí ẹ ó sì rí níbẹ̀ ni tírélà. Tírélà lọ́tùn-ún, táńkà lósì, wọ́n tò bí ẹni to àkísà sórí okùn. Ẹ ó rí ẹsẹ̀ èèyàn méjì tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó rí àwọn fọ́kánáísà pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn tó ń hó gùdùgùdù, àwọn olóúnjẹ, àwọn tó ń ta ọ́ìlì nínú kẹ́ẹ̀gì. Lójú títì fúnra rẹ̀, ẹ ó rí awọ táyà tó ti ya, tó nà gbalaja bí awọ òjòlá. Mo ti kọjá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí mi ò kà wọ́n sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn mo ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ibi tí Ògèrè ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó parí sí, mo ka mọ́kànlá.

Kápẹ́ńtà kan jókòó tì mí. Mo rọra rò fún un ohun tó ń gbé mi lọ. Ni ọkùnrin yìí bá nahùn sí awakọ̀ wa, ó ní, "Ọ̀gá dírẹ́fà, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ páàdì bíréèkì gbẹ̀yìn?" Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, ẹ̀yin ni èrò àkọ́kọ́ tó bi mí. Èló ni Ṣágámù ni gbogbo èèyàn ń béèrè." Kò sì dá ọ̀gbẹ́ni náà lóhùn, títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

A rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ wọn sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ, ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n dá wa dúró, wọ́n wo ìwé ọkọ̀, wọ́n wo táyà, wọ́n ní ká máa lọ. Mo wá ń rò ó lọ́kàn ara mi pé ojú ẹ̀ṣọ́ kò lè wọ inú táyà lọ wo páàdì. Ẹni tó rà á àti ẹni tó dè é nìkan ló mọ̀.

ṢÁGÁMÙ

Oríta Ṣágámù tóbi. Ọ̀nà kan lọ sí Èkó, ọ̀kan sí Ìbàdàn, ọ̀kan sí Abẹ́òkúta, ọ̀kan sí Bìní. Ibẹ̀ ni mo ti gun ọ̀kadà wọ ìlú. Àwọn àgbà sọ pé ọdún 1872 ni àwọn ìlú kéékèèké Rẹ́mọ kóra wọn jọ sójú kan tó di Ṣágámù, kí ogun má baà máa kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ààfin Akárígbò wà níbẹ̀. Ilẹ̀ wọn ní òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe simẹ́ńtì, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ru simẹ́ńtì fi ń kọjá tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n fún èmi, obì ni Ṣágámù. Obì ló rán mi níléèwé. Ẹ wọ Sábó láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ Yorùbá, ẹ ó gbọ́ Hausa, ẹ ó gbọ́ èyí tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ra wọn, agbọ̀n gbàǹja á wà nílẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù bò, tó ń dúró de ọkọ̀ òkè Ọya.

Ìyá mi ń ṣa obì nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún ṣa obì bí ogún sí i, wọn ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Irin náà ni irin, àbí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ò lanu, ǹ bá wọlé.

Wọ́n so owó mọ́ ìdí aṣọ, a mú awakọ̀ dání, a gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Ọkùnrin yìí ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ, Peugeot 504 ló fi kọ́ṣẹ́. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, ó tú ẹsẹ̀ iwájú, ó fa páàdì yọ, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ohun tí mo rí kò ju irin pẹlẹbẹ kan lọ.

Ó ní, "Akọ̀ròyìn, ìwọ lo sọ pé irin náà ni irin. Òótọ́ lo sọ. Irin nìkan ló kù síbẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún wa, mo sì ń fẹ́ kí ẹ fetí sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró kì í ṣe irin. Nǹkan dúdú kan ni wọ́n pò, tí wọ́n fún pọ̀, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ojú irin. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, nǹkan dúdú yìí ló máa gbá dísìkì tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, tí ìyí rẹ̀ á fi dúró. Fífi ara ha ara yìí ń mú ooru wá, ooru tó lè jó ọwọ́ yín tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Tí ọkọ̀ bá wúwo, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ooru náà á pọ̀ sí i. Páàdì tó dára, wọ́n ti po àpòpọ̀ rẹ̀ kó lè fara da ooru yẹn. Èyí tí kò dára, ojú rẹ̀ á jó, á máa dán bíi gíláàsì, kò ní lè di nǹkan mú mọ́. Tiwa yìí tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àtè tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ló ṣí, nǹkan dúdú náà já bọ́ sójú ọ̀nà, ó ku irin tó ń ha irin. Ó ti ha dísìkì náà débi pé ó ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, ₦8,000 nìyẹn lọ́tọ̀.

Mo bi í pé, ṣé ohun tó ń sọ ni pé ká máa ra èyí tó wọ́n jù nínú ohun gbogbo? Ó ní rárá o, ta ló fẹ́ pa Ìyá Olóbì lówó? Ó ná ọwọ́ sí ara ọkọ̀ náà. Ó ní dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn, bọ́mpà, gíláàsì iná, kí wọ́n ra èyí tó pọ́ọ́kú, kí wọ́n ra tòkunbọ̀, tó bá bàjẹ́, ojú lè tì yín, ikú ò ní pa yín. Fíltà àti fáànù bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wà láàárín, èyí tí kò dára nínú wọn kò ní pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹ́ńjìnnì, kó sì fi yín sílẹ̀ sínú igbó lóru. Kíkà, àtànétọ̀ àti jíà, ó ní tòkunbọ̀ gidi sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró àti ohun tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ra, bíréèkì, róbà tí omi bíréèkì ń gbà, táyà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, táì rọ́ọ̀dù, kí a má fi wọ́n ṣeré, kí a má sì ra tòkunbọ̀ wọn. Ó ní àwọn kan á ra dígí olówó ńlá, wọ́n á kọ orúkọ Ọlọ́run gàdàgbà sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á wá fi táyà tó ti hó sábẹ́ rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mo ní kí n bi í ní ìbéèrè kan tó le díẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni pé ọlọ́jà máa ń fún ẹ̀yin mẹkáníìkì ní nǹkan lábẹ́lẹ̀ tí ẹ bá mú oníbàárà wá?" Ó wò mí, ó wo ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Màmá tẹ̀ lé mi lọ ra ọjà fúnra wọn." Mo fara mọ́ èsì yẹn.

BÍ A ṢE DÉ IBÍ

Kí n dẹ́kun díẹ̀ níbí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ bíi tèmi rò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọjà sípíà páàtì ti rí báyìí. Mẹkáníìkì yìí sọ fún mi pé nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rù kì í bà òun tí òun bá ra páàtì. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ ló ń ta páàtì rẹ̀ pẹ̀lú, náírà sì ní agbára. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba sọ náírà sí ọjà pé kó wá iye tirẹ̀, láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ni tòkunbọ̀ bá dé. Orúkọ tí à ń fún ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, òun ni a wá fi ń pe ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun bọ̀! Ọkọ̀ àlòkù sì ń fẹ́ páàtì nígbà gbogbo, èyí tó mú kí ọjà bíi Ládípọ̀ ní Mushin àti ti Nnewi ní ilẹ̀ Igbo máa gbòòrò. Àwọn oníṣòwò wá mọ̀ pé a kò lówó, wọ́n ń lọ sí òkè òkun lọ ní kí wọ́n bá àwọn ṣe èyí tó pọ́ọ́kú. Láyé ìgbà kan, "Taiwan" ni gbogbo ènìyàn ń pe ohun tí kò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Taiwan náà ń ṣe ohun tó dára.

Táyà pàápàá, a ń ṣe é nílé nígbà kan rí. Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà. Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dún 2007, Dunlop náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní 2008. Ẹ gba ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní lọ, ẹ ó rí oko rọ́bà níwájú, síbẹ̀ òkè òkun la ti ń kó táyà wọlé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì tún já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí páàtì kan tó dúró sójú iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ra èyí tó dára tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ti ₦9,000 lójú.

ÌYÁ OLÓBÌ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ PÁÀTÌ

Ẹni tó ń ta páàtì náà, ọmọ Igbo ni, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ó kí ìyá mi dáadáa, ó fún wọn ní àga. Mo ti ń wá ìjà bọ̀ láti ọ̀nà, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ta páàdì tó fẹ́ pa èèyàn fún ìyá mi?"

Kò bínú. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo kó méjì kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún Màmá pé eléyìí le ju tọ̀hún lọ. Màmá pe ẹnì kan lórí fóònù, ẹni yẹn ní kí wọ́n ra ti ₦9,000." Awakọ̀ ń wo ilẹ̀. Mẹkáníìkì ń wo òrùlé. Mo dákẹ́.

Ó tún ní tí òun bá kó èyí tó dára nìkan sí ṣọ́ọ̀bù, ebi á pa òun, torí nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá wọlé, bóyá ni ẹnì kan máa fi béèrè èyí tó dára. "Èwo ló pọ́ọ́kú?" ni wọ́n máa ń sọ kí wọ́n tó kí èèyàn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí òótọ́ ni.

Ó gbé páálí mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní ni ti ₦9,000, a kò tún ojú wò ó mọ́. Èkejì ₦18,000. Ẹ̀kẹta ₦25,000, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló wà lára rẹ̀, páálí náà ń dán wíríwírí. Èmi ti nawọ́ sí ìyẹn. Bí n kò bá jẹ́ aṣiwèrè lọ́nà kìíní, ó yẹ kí n jẹ́ ọ lọ́nà kejì! Ìyá mi gbá ọwọ́ mi.

Wọ́n ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú páálí. Wọ́n ní, "Èmi kì í fi ewé ra obì." Ogójì ọdún ni wọ́n ti fi ń ta obì. Obì lè dán lóde, kó pọ́n dáadáa, kí kòkòrò ti jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n gbé páàdì kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́, wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi èékánná gbo ibi tí nǹkan dúdú ti pàdé irin, wọ́n wo ẹ̀yìn irin bóyá àmì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn bá èyí tí wọ́n kọ sára páálí mu. Ti ₦25,000 yẹn, páálí ní nọ́ńbà, ẹ̀yìn irin kò ní nǹkan kan. Ìsopọ̀ rẹ̀ ṣe gẹ́gẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí páálí náà. Mo kà á, mo rí i pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kọ.

Ọlọ́jà mi kanlẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe tà á fún òun nìyẹn. Mẹkáníìkì wá ṣàlàyé pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni àwọn ayédèrú fẹ́ràn jù láti tẹ̀ sí páálí, nítorí òun ni gbogbo ayé mọ̀, òun ló sì ń gba owó ńlá. Ti ₦18,000 ni ti àwọn tó ń ṣe páàdì nìkan níṣẹ́, tí wọ́n fi orúkọ ara wọn sí i. Ó ní òun ti ń dè é fún oníbàárà òun fún ìgbà pípẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ bára mu, etí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Òun la rà. Ìyá mi gba rìsíìtì, wọ́n ní kí ọlọ́jà kọ orúkọ páàdì àti ọjọ́ tí wọ́n rà á sí i, wọ́n sì ní kó kọ ọ́ pé tó bá ṣí láàárín oṣù mẹ́ta, òun á gbà á padà. Ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ẹ gbìyànjú irú èyí wò, kì í ṣe gbogbo wọn ló máa gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ nǹkan kan nípa ọjà rẹ̀.

Kí a tó kúrò, ọkùnrin náà fi nǹkan kan hàn mí lára táyà, bóyá ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Lára gbogbo táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà nínú àpótí kékeré. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 nìyẹn. Mo sáré jáde lọ wo ti ọkọ̀ wa. Mẹ́ta dára. Ìkẹrin, tí ìyá mi rà ní "tuntun" lọ́dún tó kọjá, 1417 ló wà lára rẹ̀. Ọdún 2017! Àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà ní kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó tún sọ fún mi pé àwọn kan máa ń ki táyà kékeré bọ inú ńlá, mẹ́rin sí márùn-ún nínú ara wọn, kí àyè lè gbà wọ́n nínú kọ̀ǹténà. Wáyà tó wà nínú táyà á ti ká kò kí wọ́n tó yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ojú kò ní rí i lóde. Mẹkáníìkì yọ 1417 dà nù, ó fi sípíà táyà sí i. Ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà kò ní sípíà mọ́ títí owó á fi yọjú.

ÌKẸ́NNẸ́

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí dísìkì ti ibi tí wọ́n ti ń fá a dé, tí wọ́n sì ti de páàdì tuntun, mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, a gba Ìkẹ́nnẹ́ lọ. Mẹkáníìkì ti kìlọ̀ pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó máa tẹ bíréèkì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí páàdì àti dísìkì mọ ara wọn ná. Mo gbọ́ gbogbo ìró tí ọkọ̀ náà ń ṣe. Nígbàkigbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ tèmi náà á tẹ ilẹ̀ ọkọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Ìkẹ́nnẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí lọ́dún 1987. Ibẹ̀ ni Tai Ṣólàrín dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ sí lọ́dún 1956, níbi tí ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ti ń kàwé. Ìlú tó mọ́, tó ní ìtura. Ìgbà mìíràn tí mo bá lọ, mo máa ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná kí n tó ṣe ohunkóhun. Lọ́jọ́ yẹn, oúnjẹ kò wù mí.

Ìyá Aláta ti tún tábìlì wọn kàn. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ jẹ́ igi tuntun, mẹ́ta jẹ́ àtijọ́. Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀, mo fún wọn ní ₦12,000 tí ìyá mi rán mi pé kí n fún wọn fún ọjà wọn tó ṣòfò. Wọ́n kà á, wọ́n dì í sí ìtẹ̀dí. Wọ́n ní wọ́n sọ fún àwọn pé páàdì olówó pọ́ọ́kú ló fà á. Ta ló ní kí wọ́n rà á?

Awakọ̀ wò mí. Mo ní, "Èmi ni, Màmá."

Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, bàtà mi, báàgì mi, bírò tó wà lápò mi. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń gbé. Mo ní Ìbàdàn.

Wọ́n ní, "Ìwọ ń gbé Ìbàdàn. Èmi ni mo jókòó síbí."

Ọmọdé náà wà níbẹ̀, ọmọbìnrin bí ọdún mẹ́fà, ó ń to ata rodo sínú abọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun là ń sọ. Mo ra ata ₦1,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀ní mẹ́ta sí i.

Nígbà tí mo padà dé Sábó láti wá dágbére, ìyá mi ti ṣe ìṣirò sílẹ̀. Wọ́n ní páàdì ₦18,000 kò kàn mí, bó pẹ́ bó yá, àwọn ni wọ́n máa rà á. Ṣùgbọ́n ₦8,000 tí wọ́n fi fá dísìkì, àti ₦12,000 ti Ìyá Aláta, èmi ni mo jẹ ẹ́, ₦20,000 gééré. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì tí ọkọ̀ kò ṣe, wọ́n ní àwọn fi ìyẹn jì mí nítorí pé àwọn ló bí mi.

Mo ti san ₦15,000 títí di àná. Wọ́n pè mí lórí fóònù lánàá náà, wọ́n ní awakọ̀ sọ pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti ń jò, oríṣi méjì ló sì wà lọ́jà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bi mẹkáníìkì.